Urin

Èmi kọ́ ni mo ta gìtá.
Èmi kọ́ ni mo kọrin.
Èmi ni mo ń fa okùn jẹnẹrétọ̀,
lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó wúkọ́, kó tó dáhùn,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà Ògúndáná ní Ìkẹ́rẹ́,
níbi tí Olósùnta ti ń wò wá
bí àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Àgùnbánirọ̀ kan ló gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì sínú yàrá tó háyà:
àwọn òyìnbó onírun gígùn,
wọ́n ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lẹ́sẹ̀.
Ògúndáná gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré.
Ó ní, “Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n.”

Ọdún tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì nìyẹn.
Ó gé dúrọ́ọ̀mù epo sí méjì, ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó,
ó lu ìdérí táyà Píjò títí ó fi ń dún.
Fámúrewá, tíṣà ìṣirò, ní gìtá kan
tí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú okùn rẹ̀.
Ìbírónkẹ́ ní ohùn. Ọmọ kátíkíìsì ni,
ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu,
wàá rò pé àpáta ló ń là lóru.

Wọ́n pe ara wọn ní Urin.
Ní ulé tiwa, a kì í pe irin ní irin.
Uná là ń dá, uṣu là ń sun nínú rẹ̀.

A lọ sí Ìjerò: ọ̀gá ilé-ìwé já wáyà wa
kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀.
A lọ sí Òmùò: wọ́n fi dùndú san owó wa,
dùndú náà sì dùn.
Ní Ìlawẹ̀, ìyá arúgbó kan jókòó síwájú pátápátá,
ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí,
kò sì dìde títí a fi palẹ̀ mọ́.
Mo ní, “Màmá, ṣé kò dí yín létí ni?”
Ó ní, láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti kú,
báyìí ni inú òun ṣe ń dún,
òun kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ.

Lọ́dún kẹrin, Ìbàdàn.
Ọ̀gbẹ́ni tó ni sítúdíò ka orúkọ wa,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
“Ẹ̀yin ará òkè, bí òyìnbó bá rí èyí,
ìtọ̀ ni yóò kà á sí. Ẹ yí i padà.”
Fámúrewá, tó gbọ́ òyìnbó ju gbogbo wa lọ,
ló kọ́kọ́ mi orí.
“Òyìnbó kọ́ ló sọ wá lórúkọ.”

Ọ̀ọ́dúnrún kásẹ́ẹ̀tì. A ta mọ́kànlélógójì.
Ìyá Ìbírónkẹ́ fa téèpù ìyókù yọ,
ó ta á yí oko ìrẹsì ká láti fi lé ẹyẹ.
Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń hùn.
Ọdún yẹn, ẹyẹ kan kò ba síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ pé ó parí.
Wọ́n gbé Fámúrewá lọ sí ilé-ìwé míràn, ó jìnnà.
Ìbírónkẹ́ ń darí kọ́yà ní Ìkọ̀lé,
jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pọn ọmọ sùn,
àfi ní Àmín ìkẹyìn, tí gíláàsì fèrèsé máa ń gbọ̀n.
Ògúndáná kò gbọ́ràn mọ́.
Bí o bá fẹ́ kí i, fi òòlù lu tábìlì;
yóò gbé orí sókè, yóò rẹ́rìn-ín.

Èmi ta jẹnẹrétọ̀ fún ìyá alọta kan.
Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́
bó ṣe ń fa okùn náà, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin,
tí ó wúkọ́, tí ó dáhùn.
Mo máa ń dúró.
Ata nìkan ló ń jáde.